Lẹ́ńsì mákírò wo ni kí n rà? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ya òdòdó, ajá àti ológbò láti ibi tó sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnì kan má bi mí ní ìbéèrè yìí: “Mo ti ní kámẹ́rà. Mo fẹ́ ya òdòdó inú ọgbà mi, mo sì fẹ́ ya ojú ajá mi débi pé irun ìpéǹpéjú rẹ̀ máa hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ńsì mákírò wo ni kí n rà?” Abùjá níbí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ní Kubwa, Lugbe àti Gwarinpa. Àwọn míì ń pè láti Kàdúná, àwọn míì láti Jọ́ọ̀sì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbí lẹ́sẹẹsẹ kẹ́ ẹ lè rí i kà kẹ́ ẹ tó mú owó jáde.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ béèrè iye àyè tó máa ṣẹ́ kù láàárín gíláàsì lẹ́ńsì àti imú ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Bí lẹ́ńsì ṣe ń sọ nǹkan di ńlá tó lè tẹ̀ lé e. Òdòdó ò lè sá fún yín. Ajá máa dìde, ológbò sì lè ha yín lọ́wọ́.

## Ìdáhùn kúkúrú, fún ẹni tó ń kánjú

- Ẹran ilé àti òdòdó pa pọ̀: ẹ ra lẹ́ńsì 90mm, 100mm tàbí 105mm tó ń dé 1:1 (mo ṣàlàyé 1:1 nísàlẹ̀).
- Òdòdó nìkan, tí kámẹ́rà yín sì jẹ́ APS-C (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré): 60mm tó yín.
- Ìlẹ̀kẹ̀, òrùka, oúnjẹ inú àwo: 40mm tàbí 50mm lè ṣe é. Ẹ má fi ya ohun tó ń mí.
- Owó ò tíì tó: ẹ má ra lẹ́ńsì kankan báyìí. Ẹ lọ ka apá tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ nísàlẹ̀.

## Kí ni 1:1 tí wọ́n ń kọ sára lẹ́ńsì?

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí nǹkan ṣe tó gan-an lójú ayé ló ṣe máa tó lórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ full-frame fẹ̀ tó 36mm, ó sì ga tó 24mm. Bẹ́ ẹ bá fi lẹ́ńsì 1:1 ya rúlà ọmọ iléèwé láti ibi tó sún mọ́ jù tí lẹ́ńsì náà ti lè ríran, 36mm péré lára rúlà náà ló máa wọ inú fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Sẹ́ńsọ̀ APS-C kéré sí ìyẹn: ti Nikon, Sony àti Fujifilm fẹ̀ tó nǹkan bí 23.5mm, ti Canon tó nǹkan bí 22.3mm. Lẹ́ńsì 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́ta 1:1 lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ “Macro” lára lẹ́ńsì zoom. Àwọn 70-300mm kan wà, ti Tamron àti ti Sigma, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára gàdàgbà, àmọ́ 1:2 ni wọ́n ń dé, ìyẹn ìdajì. Wọn ò burú fún òdòdó ńlá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tà á bá búra fún yín pé mákírò gidi ni, ẹ yọ rúlà jáde, kẹ́ ẹ yà á níwájú rẹ̀. Nikon ní tiẹ̀ ń kọ “Micro” síbi tí àwọn yòókù ti ń kọ “Macro”. Ohun kan náà ni.

Ẹ lè má nílò 1:1 rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Orí ológbò fẹ̀ tó nǹkan bí 10cm. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí orí náà kún fọ́tò lórí APS-C, ìdá kan nínú mẹ́rin 1:1 ti tó, lẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ yín sì lè ṣe é lónìí. Àmọ́ ẹyinjú ajá kan ṣoṣo, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ológbò, ibi tí irùngbọ̀n ológbò ti yọ lára awọ, lẹ́búlẹ́bú tó wà láàárín òdòdó ìṣápá, ibẹ̀ ni mákírò ti ń fi ara rẹ̀ hàn.

## Àyè tó wà láàárín gíláàsì àti imú

Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò, torí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

Lára páálí lẹ́ńsì, wọ́n máa ń kọ bó ṣe lè sún mọ́ nǹkan tó: 30cm, 20cm, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kà á máa rò pé iwájú lẹ́ńsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Rárá o. Orí sẹ́ńsọ̀, nínú kámẹ́rà, ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wo orí kámẹ́rà yín, ẹ máa rí àmì róbótó kékeré kan tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìlà yẹn ló ń fi ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà hàn. Ẹ yọ sísanra kámẹ́rà àti gígùn lẹ́ńsì kúrò nínú 30cm yẹn, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó ṣẹ́ kù (f ni wọ́n fi ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń ṣí tó):

- Nikon DX 40mm f/2.8G: 16.3cm lórí ìwé, nǹkan bí 3.5cm níwájú gíláàsì.
- Nikon 60mm f/2.8G: 18.5cm lórí ìwé, nǹkan bí 5cm níwájú gíláàsì.
- Canon EF-S 60mm f/2.8: 20cm lórí ìwé, nǹkan bí 9cm níwájú gíláàsì.
- Canon EF 100mm f/2.8L IS: 30cm lórí ìwé, nǹkan bí 13cm níwájú gíláàsì.
- Nikon 105mm f/2.8G VR: 31.4cm lórí ìwé, nǹkan bí 15cm níwájú gíláàsì.

Lẹ́ńsì 40mm ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kubwa ní ajá tó ti dàgbà, ó sì ní kí n bá òun ya imú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wo imú ajá dáadáa, ẹ máa rí i pé ó pín sí wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo dùbúlẹ̀ lórí kọnkéré, mo ń rákò sún mọ́ ọn. Nígbà tó kù nǹkan bí 4cm, èémí rẹ̀ ti ń bà mí lọ́wọ́, gíláàsì sì ti bò. Mo nù ún, ó tún bò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó na imú, ó sì lá gíláàsì náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òjìji lẹ́ńsì ti ṣú bo gbogbo imú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, débi pé kò tilẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tí mo lè fi ya ohunkóhun. Lọ́sẹ̀ kejì mo yá 100mm lọ́wọ́ ẹnì kan, mo padà lọ. Àyè wà, oòrùn àárọ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ajá náà sì sùn sílẹ̀ níwájú mi, kò tilẹ̀ la ojú kejì.

Ohun tí àyè yẹn ń rà fún yín nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ tó ráyè wọlé, àti ẹran tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Fún òdòdó pàápàá, lẹ́ńsì tó gùn máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn òdòdó mọ́ tónítóní, láìsí jákujàku, torí pé ibi tó ń rí lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ̀. Nínú ọgbà tí ọ̀rá pure water àti okùn aṣọ pọ̀ sí, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìkìlọ̀: ike gígùn tí wọ́n ń dé sí iwájú lẹ́ńsì láti fi dí oòrùn ń jẹ nínú àyè yẹn. Ti Canon 100mm L gùn gan-an. Ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ dé 1:1.

## Ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé kẹ́ ẹ tó rà á

1. Ẹ mọ ẹnu kámẹ́rà yín. Canon EF-S wà fún APS-C nìkan, kò ṣeé fi sára full-frame DSLR (DSLR ni kámẹ́rà tó ní dígí nínú). EF wọ méjèèjì. Ẹnu RF ti àwọn EOS R yàtọ̀, ṣùgbọ́n EF máa ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ra adapter, ìyẹn òrùka tó ń so wọ́n pọ̀. Nikon F àti Nikon Z náà ò jọra, FTZ ni wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀.

2. Ẹ wádìí mọ́tò tó ń gbé fókọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ Nikon D3000 síwájú dé D3500, tàbí D5000 síwájú dé D5600, kò sí mọ́tò nínú kámẹ́rà náà. Lẹ́ńsì tó ní AF-S nínú orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Lẹ́ńsì 60mm f/2.8D máa wọ̀ ọ́, àmọ́ ọwọ́ lẹ máa fi máa yí fókọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí FTZ. Fún òdòdó, kò sí wàhálà. Fún ọmọ ajá tó ń ta pọ́ún-pọ́ún, ẹ máa kábàámọ̀.

3. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ máa yà jù, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ju 5cm lọ, lẹ́ńsì 1:2 tó yín. Ẹ fi owó tó kù ra ohun míì.

4. Ẹ fi kọ́ọ̀bù dán ẹran yín wò. Èyí ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú kọ́ọ̀bù dúdú kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ di ìdí rẹ̀ mú bí ẹni di lẹ́ńsì mú. Ẹ gbé ẹnu kọ́ọ̀bù náà sí 4cm níwájú ojú ajá tàbí ológbò, kẹ́ ẹ ka 1 dé 10. Ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún gbé e sí 14cm. Ohun tí ẹran náà bá ṣe lẹ́ẹ̀mejèèjì ló máa sọ fún yín bóyá 60mm tó àbí ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí 100mm. Ológbò kan wà tó máa fara mọ́ 4cm tó sì máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu kọ́ọ̀bù. Ehoro kì í gbà rárá.

5. Ẹ pinnu bóyá ẹ fẹ́ èyí tó ń pa gbígbọ̀n ọwọ́ mọ́lẹ̀ (IS lára Canon, VR lára Nikon, OSS lára Sony). Ó ń ràn yín lọ́wọ́, pàápàá láti rí ohun tẹ́ ẹ ń yà dáadáa. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń dín kù bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́: Canon fúnra wọn kọ ọ́ pé ti 100mm L ń fúnni ní nǹkan bí stop 4 láti òkèèrè (stop kan túmọ̀ sí pé ṣọ́tà lè ṣí pẹ́ ní ìlọ́po méjì láìmì), ó sì ń wálẹ̀ sí 2 ní 1:1. Kò sì lè dá atẹ́gùn dúró, kò lè dá ajá tó ń mí hẹlẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá ní tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé) tó dúró dáadáa, tí òdòdó sì ni iṣẹ́ yín, ẹ lè fi owó yẹn pamọ́.

6. Ẹ yá a fún ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó rà á. Àwọn ayafọ́tò ìgbéyàwó máa ń ní lẹ́ńsì mákírò nítorí òrùka. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń lò ó, ọjọ́ Tuesday kì í jáde nílé.

## Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, kámẹ́rà sí kámẹ́rà

Canon DSLR. EF 100mm f/2.8L Macro IS USM, tó jáde lọ́dún 2009. Bówó ò bá tó o, EF 100mm f/2.8 Macro USM ti ọdún 2000 tí kò ní IS ṣì ń ya fọ́tò tó múná dáadáa. Èmi á kúkú ra 100mm tòkunbọ̀ ju 60mm tuntun lọ tí ẹran bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ yà.

Canon R. RF 100mm f/2.8L ti 2021 ń kọjá 1:1, ó ń dé 1.4. Ẹ kíyè sí RF 35mm f/1.8 àti RF 85mm f/2: wọ́n kọ “Macro” sí wọn lára, àmọ́ 1:2 ni wọ́n ń mọ. 85mm yẹn dára púpọ̀ fún ojú ajá lódindi.

Nikon. Lórí DSLR, 105mm f/2.8G VR, tó ti wà láti 2006, torí náà tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀. Lórí Z, MC 105mm f/2.8 VR S. MC 50mm náà ń dé 1:1, ó sì fúyẹ́, àmọ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ àyè.

Sony. FE 90mm f/2.8 Macro G OSS ti 2015, tàbí Sigma 105mm f/2.8 DG DN Macro ti 2020. Ti Sigma yìí ò ní ohun tó ń pa gbígbọ̀n mọ́lẹ̀ nínú ara rẹ̀, kámẹ́rà yín ló máa ṣe ìyẹn bó bá ní in.

Tamron 90mm f/2.8. Oríṣiríṣi ló ti jáde, fún Canon, Nikon àti Sony. Àtijọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní 272E ṣì ń ṣe dáadáa lórí òdòdó, owó rẹ̀ sì rọjú. Àléébù rẹ̀ fún ẹran ni pé ẹnu rẹ̀ ń gùn jáde bó ṣe ń sún mọ́, ó sì ń pariwo. Ológbò kórìíra kinní kan tó ń na ọrùn sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ ojú èèrà lè wo Laowa 100mm 2X, tó ń dé 2:1. Ọwọ́ lẹ máa fi yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀. N ò ní dámọ̀ràn rẹ̀ fún ajá.

## Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Ní Abùjá, ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ gba Banex Plaza tàbí Emab Plaza lọ ní Wuse 2. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ló gba ibẹ̀ kan, torí náà ẹ béèrè dáadáa, kẹ́ ẹ sì mú kámẹ́rà yín dání pẹ̀lú bátìrì tó kún. Ẹ má ra lẹ́ńsì tẹ́ ò tíì fi sẹ́nu kámẹ́rà tiyín.

Mo ra 90mm kan rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan nírọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ò tó, ojú sì ń kán mi. Nílé, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kejì tó wà nínú, mo rí okùn funfun tín-ín-rín tó ta ẹ̀ka síhìn-ín sọ́hùn-ún bí òwú aláǹtakùn. Ebu ni. Ó ti ń jẹ gíláàsì náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè nù ún láìtú lẹ́ńsì palẹ̀. Láti ọjọ́ náà, báyìí ni mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò:

- ☐ Ẹ ṣí ìdérí méjèèjì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó láti iwájú, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Eruku ẹyọ méjì-mẹ́ta ò ṣe nǹkan. Okùn tó ta ẹ̀ka tàbí àbààwọ́n tó dà bí kùrukùru: ẹ dá a padà.
- ☐ Ẹ gbé e sí f/16, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ní ìgbà mẹ́wàá. Bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò bá ń yàtọ̀ láti ọ̀kan sí ìkejì, òróró ti wọ inú àwọn abẹ tín-ín-rín tó ń ṣí ihò lẹ́ńsì tó sì ń pa á dé.
- ☐ Ẹ yí fókọ́ọ̀sì láti òkèèrè dé ibi tó sún mọ́ jù. Kó lọ geere. Iyanrìn tó ń rún wórówóró níbẹ̀ kò dáa.
- ☐ Ẹ ya rúlà ní ibi tó sún mọ́ jù. Kẹ́ ẹ ka mìlímítà tó wọlé: 36 lórí full-frame, nǹkan bí 22 sí 24 lórí APS-C.
- ☐ Ẹ gbé rúlà náà dagun, kẹ́ ẹ gbé fókọ́ọ̀sì sórí 5cm, kẹ́ ẹ yà á ní f/2.8. Ṣé 5cm ló múná, àbí ibòmíì?
- ☐ Ẹ wo irin tó ń kan ẹnu kámẹ́rà. Ibi tó bá tẹ̀ tàbí tó họ jù fi hàn pé ó ti ṣubú rí.

Tí Canon 100mm L bá ń dún kóló-kóló nígbà tẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n láìtan kámẹ́rà, ẹ má bẹ̀rù. Gíláàsì IS inú rẹ̀ ló tú sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

## Bówó ò bá tíì tó

Extension tube. Òrùka òfìfo ni, kò ní gíláàsì nínú, ẹ máa fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Wọ́n sábà máa ń wà ní mẹ́ta-mẹ́ta: 12mm, 20mm àti 36mm. Ẹ pín gígùn òrùka náà pẹ̀lú gígùn lẹ́ńsì, ohun tẹ́ ẹ máa rí kún un nìyẹn: 25mm lẹ́yìn 50mm f/1.8 máa fi ìdajì kún ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ ra èyí tó ní ẹsẹ̀ iná wúrà-wúrà (irin kékeré tó ń so kámẹ́rà àti lẹ́ńsì pọ̀) kẹ́ ẹ lè máa yí f padà. Èyí tí kò ní in máa ń fi yín sílẹ̀ láìsí fókọ́ọ̀sì tó ń dá ṣiṣẹ́. Ẹ má fi 36mm sẹ́yìn lẹ́ńsì tó wà ní 18mm, kò ní rí nǹkan kan. Àyè máa ń dín kù gan-an pẹ̀lú òrùka yìí, torí náà òdòdó ni mo yà á sọ́tọ̀ fún.

Raynox DCR-250. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ní ẹran. Gíláàsì kékeré kan ni, ó ń há mọ́ iwájú lẹ́ńsì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 52mm sí 67mm. Bẹ́ ẹ bá fi há mọ́ 55-250mm yín, tẹ́ ẹ sì fà á dé nǹkan bí 125mm, ẹ ti wà nítòsí 1:1, nǹkan bí 10 sí 12cm sì ṣẹ́ kù níwájú gíláàsì. Ẹ wo ibi tí ìyẹn wà nínú àkọsílẹ̀ òkè: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá lẹ́ńsì 100mm dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò máa ń rọ̀ díẹ̀. Ẹ gbé ojú ajá sáàárín.

Yíyí lẹ́ńsì 50mm kọ ẹ̀yìn síwájú pẹ̀lú òrùka kan. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀yìn lẹ́ńsì máa ṣí sílẹ̀ gbayawu, mi ò sì lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Fóònù: bí ti yín bá ní kámẹ́rà mákírò 2MP, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lo kámẹ́rà ńlá, kẹ́ ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ gé fọ́tò náà lẹ́yìn náà.

## Ọjọ́ kìíní pẹ̀lú lẹ́ńsì náà

Àṣìṣe tí mò ń rí jù ni pé èèyàn á ra lẹ́ńsì f/2.8, á sì máa fi f/2.8 ya gbogbo nǹkan. Ní 1:1 lórí full-frame, ibi tó máa múná ní f/8 kò nípọn ju nǹkan bí 1mm lọ. Ní f/16, ó jẹ́ nǹkan bí 2mm. Tẹ́ ẹ bá fà sẹ́yìn dé 1:2, f/8 máa fún yín ní nǹkan bí 3mm. Ẹ wá ronú nípa f/2.8. Lẹ́ẹ̀kejì, ìmọ́lẹ̀ máa ń dín kù bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́: ní 1:1, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ń wọlé, bí ẹni pé f/2.8 ti di f/5.6.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní f/8. Ẹ lè lọ dé f/11. Láti f/16 lọ sókè, fọ́tò máa ń rọ̀.
2. Ẹ gbé ṣọ́tà sí 1/250 fún òdòdó tẹ́ ẹ fi ọwọ́ yà, 1/500 fún ẹran. Ẹ jẹ́ kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára sí i) lọ síbi tó bá fẹ́ lọ. Fọ́tò tó ní yanrìn-yanrìn sàn ju èyí tó mì lọ.
3. Fún òdòdó: ẹ gbé fókọ́ọ̀sì kúrò lórí autofocus, ẹ yí i dé ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ máa fi ara yín lọ síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ á fi múná. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀.
4. Fún ẹran: autofocus tó ń tẹ̀ lé nǹkan, àmì kan ṣoṣo lórí ojú tó sún mọ́ yín jù. Tí lẹ́ńsì bá ní bọ́tìnì tó ń dín ibi tó ń wá fókọ́ọ̀sì kù, ẹ lò ó, kó má bàa máa lọ sókè sódò.
5. Ẹ yà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, márùn-ún-márùn-ún. Ẹ̀mí ẹran ń wọlé ó ń jáde, ọ̀kan nínú wọn máa bọ́ sójú rẹ̀.

Àárọ̀ ni àsìkò wa níbí, láàárín 6:45 sí 8:30. Òdòdó ilá máa ń là láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń rọ, kì í sì là lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gún igi tín-ín-rín kan mọ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há ọ̀pá òdòdó mọ́ ọn nítorí atẹ́gùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà ní ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ẹ kí Malam tó ni ibẹ̀, kẹ́ ẹ tọrọ àyè, kẹ́ ẹ sì ra ìkòkò òdòdó kan. Ní Millennium Park ní Maitama, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ta tripod sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ fún ẹran: ẹ má tan fíláàṣì sí ojú wọn láti 13cm. Fèrèsé àti páálí funfun kan tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà tó. Bí ológbò bá ń na ìrù nílẹ̀ pátipàti, tí etí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ orí, tàbí tí ehoro bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ti pọ̀.

## Ọyẹ́, òjò àti lẹ́ńsì yín

Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ dojú ẹnu kámẹ́rà kọlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe é kíá. Ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúrò kẹ́ ẹ tó fi aṣọ kan gíláàsì, torí pé eruku ọyẹ́ máa ń họ gíláàsì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ.

Nígbà òjò, ebu ni ọ̀tá. Ẹ kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun jọ, kẹ́ ẹ fi wọ́n sínú ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, kẹ́ ẹ máa tọ́jú lẹ́ńsì síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ti yàrá tí AC ti ń ṣiṣẹ́ jáde síta, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì wà nínú báàgì fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó ṣí i, kí gíláàsì má bàa làágùn. Bó bá ti làágùn, ẹ má nù ún. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó máa gbẹ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún gbé e lọ síwájú imú ajá.